Àwọn Àbíkẹ́ Tí Wọ́n Dà Nù

Ọjọ́ Ajé, 4 Júláì 1994

Òjò láti àárọ̀. Iṣẹ́ kíláàsì ni mo ra ìwé yìí fún, ó ti di tèmi. Bí èèyàn ò bá rí ẹni bá sọ ọ́, á bá ìwé sọ ọ́.

A lọ sí kílíníìkì n'Íbàdàn, èmi àti Akọ̀wé. Akọ̀wé ni mo ń pe Kọ́lápọ̀ ọkọ mi nínú ikùn mi, láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní tábìlì tirẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba tí kò sì jẹ́ ká gbádùn. Bí a bá jọ wà, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Kí n sinmi níbì kan.

Dókítà Ẹnu-Dùn (èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ àná ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ lè tan ẹyẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi) ní oṣù yìí la máa gbìyànjú. Kí n lo oògùn tó ń mú ẹyin gbó. Bí ẹyin bá gbó, wọ́n á gba àtọ̀ Akọ̀wé, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi rọ́bà tín-ín-rín gbé e dé inú ilé ọmọ mi. Ó ní kò ní dùn mí rárá. Kì í kúkú ṣe òun ni wọ́n máa ki rọ́bà bọ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo wọlé ọkọ. Oyún kan ṣoṣo, ó bàjẹ́. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Ọmọ ni mò ń wá, mi ò wá nǹkan mìíràn.

A ti fẹ́ dìde kó tó ju ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, ṣé ẹ fẹ́ ká bá yín ṣà á? Mo ní ṣa kí ni? Ó ní ti akọ àti ti abo ló wà nínú àtọ̀, ti akọ máa ń yára wẹ̀ ju ti abo lọ. Wọ́n á da omi kan tó ki sínú ìgò gbọọrọ, wọ́n á da àtọ̀ lé e lórí. Èyí tó bá kọ́kọ́ wẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n á mú. Wọ́n á da ìyókù nù. Bí oyún bá dúró, ó lè tó méje nínú mẹ́wàá tó máa jẹ́ ọkùnrin. Ó ní kì í ṣe òfin o, mà.

Ojú Akọ̀wé tàn. Mo rí i.

Mo bi dókítà pé ìyókù tí wọ́n ń dà nù yẹn, ṣé ó máa ń pọ̀? Ó ní ó máa ń pọ̀ gan-an. Bẹ́ẹ̀ ti Akọ̀wé kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣà á, ó lè má ku èyí tó máa tó di ọmọ. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí àgbàdo rẹ̀ kò kún agolo, òun náà ló tún fẹ́ máa ṣa èyí tó tóbi.

Mo ní, Dókítà, ọmọ ni mo wá gbà. Ẹ má bá mi ṣa nǹkan kan. Akọ̀wé mi orí, ó ní bó ṣe wí yẹn náà ni. Mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́rú, 6 Júláì

Oògùn ti bẹ̀rẹ̀. Orí ń fọ́ mi. Kò sí epo mọ́tò ní gbogbo Ìyànà Ọ̀fà níbí, àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Júláì

Màmá Lálùpọn dé. Ìyá ọkọ mi. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn lápá kan, wọ́n gun ọ̀kadà lápá kan, pẹ̀lú gàrí lórí itan wọn. Wọ́n kò tíì mumi tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Kí n máa jẹ iyọ̀, kí n jìnnà sí nǹkan dídùn. Kí ọkọ mi má wẹ omi gbígbóná, ó ń pa akọ. Mo ń ṣe "ẹ ṣeun, Màmá, ẹ ṣeun." Ìyàwó ilé tó gbọ́n, "ẹ ṣeun" ni oúnjẹ rẹ̀.

Lánàá, ní yàrá àwọn tíṣà, Moyọ̀sọ́rẹ náà ti kó tirẹ̀ dé. Ó rí i nínú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin òyìnbó. Kí tọkọtaya sùn papọ̀ lọ́jọ́ tí ẹyin bá já gan-an, ọkùnrin ni. Bó bá ṣáájú, obìnrin ni. Kí ìyàwó sì kọ́kọ́ fi omi oní-sódà wẹ ìdí. Mo bi í pé ọmọ la fẹ́ bí ni àbí búrẹ́dì la fẹ́ yan? Ọmọbìnrin mẹ́rin ni òun fúnra rẹ̀ bí. Mo ní ìwé ìròyìn yẹn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn. Ó sọ ṣọ́ọ̀kì lù mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ní iléèwé yẹn.

Ṣùgbọ́n kí Màmá tó lọ, ọ̀rọ̀ wọn yí padà. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Akọ̀wé nìkan ni ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Bàbá ti kú, ilẹ̀ wọn lójú ọ̀nà Lálùpọn wà níbẹ̀. Bàbá Sàníù, àbúrò bàbá rẹ̀, ti ń fi ojú wọn ilẹ̀ náà. Ó ń sọ kiri pé ilé tí kò ní arólé, ilẹ̀ kí ló fẹ́ fi ṣe? Omi bọ́ lójú Màmá. Inú mi bàjẹ́ fún wọn. Mo tún ní "ẹ ṣeun, Màmá," mo sì sọ ọ́ látọkàn wá.

Ọjọ́rú, 13 Júláì

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi. Ẹyin kan ti gbó. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni. Olúwa, mo bẹ̀ Ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Júláì

Kò sí bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó gbàgùúdá ló gbé wa. Èmi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, Akọ̀wé wà lókè lórí àpò, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ n'Íbàdàn, iyẹ̀pẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì fún un ní ìgò. Ó gbà á bí ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ìdánwò. Ó wọ yàrá kékeré lọ, ó pẹ́ kó tó jáde, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà òun àti dókítà gbé ìgò náà wọ yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn, ní yàrá kejì. Mò ń gbọ́ ohùn Akọ̀wé láti ibẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣàánú mi." Mo rò pé ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é dáadáa ni. Ojú mi gbóná, mo ní ọkùnrin yìí fẹ́ràn mi.

Wọ́n ṣe é. Kò dùn mí púpọ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè, wọ́n ní kí n má mira. Akọ̀wé wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àbíkẹ́, ó ti parí. Ọlọ́run á gbọ́ tiwa." Oríkì mi ni. Títí ló máa ń pè mí, kì í pè mí ní Àbíkẹ́ àfi tí inú rẹ̀ bá dùn tàbí tó bá fẹ́ nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Júláì

Ní ṣọ́ọ̀ṣì mo jókòó bí ẹni tó gbé ẹyin dání. Wọ́n ní ká jó wá síwájú, mi ò dìde. Àwọn Ìyá Ìjọ wò mí láti òkè délẹ̀. Kí wọ́n máa wò.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Júláì

Kí n rọra kọ ọ́.

A lọ kí Màmá ní Lálùpọn lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ń yan gàrí, èéfín gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ju igbá sílẹ̀, wọ́n wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ìyá arúgbó! Wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn mi, wọ́n ní, "Ìyàndá, ọkọ mi! Ìyàndá, o kú ìrìn o!"

Mo rò pé àdúrà ni. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní Màmá, ó tún lè jẹ́ Àbíkẹ́ bíi tèmi o. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní rárá, àwọn Àbíkẹ́ ti bá omi lọ. Kọ́lá ti sọ fún àwọn. Dókítà ti ṣà á, ó ti da gbogbo àwọn Àbíkẹ́ nù, Ìyàndá nìkan ló kù sínú ìgò. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ gàrí tí wọ́n fi ajọ̀ jọ̀. Wọ́n ní Àlùbáríkà Ọlọ́run ni, òyìnbó gbọ́n.

Mo yíjú sí Akọ̀wé. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ó mà ṣe o. Bó bá jẹ́ Tèmídayọ̀ ló pe ọmọ náà fún ìyá rẹ̀, mi ò bá má mọ̀ títí ayé. Tèmídayọ̀ ń jẹ́ ọkùnrin, ó ń jẹ́ obìnrin. Bó bá ní "ó ń bọ̀", ta ló mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo? Ṣùgbọ́n Màmá fẹ́ máa kí ọmọ wọn; ní ilé Ọ̀yọ́, ẹni tí ẹ bá fẹ́ kí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ oríkì rẹ̀, Akọ̀wé sì fún wọn ní oríkì. Oríkì ló tú u fó. Kò sí obìnrin tó ń jẹ́ Ìyàndá.

Gbogbo àwọn Àbíkẹ́. Èmi kọ́ ni Àbíkẹ́ ni? Wọ́n dà mí nù nínú ìgò, wọ́n tún wá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní Àbíkẹ́, ó ti parí.

Ọjọ́ Ajé, 25 Júláì

Nínú ọkọ̀ lánàá mi ò lè sọ̀rọ̀, èrò kún. Nílé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Kọ́lápọ̀, ìwọ lo ṣe é?" Ìwọ. Láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò pè é ní ìwọ rí. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí.

Kò sẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré la máa bí i, Títí, ọjọ́ ti lọ lórí wa. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ló burú nínú kó jẹ́ ọkùnrin? Ó ní mi ò mọ ohun tí ojú òun ń rí. Níbi ìsìnkú kan ní Lálùpọn, Bàbá Sàníù sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé orí òun ni ilé bàbá òun ti máa parun. Ó ní òun rẹ́rìn-ín níbẹ̀, òun délé, òun sunkún. Kò sọ fún mi rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bínú sí àánú náà.

Mo ní, ṣé o gbọ́ nígbà tí dókítà ní ó lè má ku èyí tó tó? Ó ní òun gbọ́. Òun fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ẹ wo nǹkan. Ó gba yíyàn akọ àti abo lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wá fi ìyókù lé E lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, 27 Júláì

Mo ti kó lọ sí yàrá àlejò. A ò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó ń fọ abọ́ fúnra rẹ̀. Kó máa fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Júláì

Nǹkan oṣù mi, Àlejò ni mò ń pè é. Kì í pẹ́ dé. Bó bá máa dé, ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ohun tí mi ò lè sọ fún Moyọ̀sọ́rẹ pàápàá rèé. Bí Àlejò bá dé, Akọ̀wé ló fà á; ó ṣa ọmọ mi dànù, mo sì lè bú u títí tí ikùn mi á fi rọ̀. Bí Àlejò kò bá dé, mo ní ọmọ, Akọ̀wé sì jàre. Á máa rìn kiri nínú ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jàre. Nígbà mìíràn tí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, mi ò mọ èyí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Irú obìnrin wo ni mo wá dà? Mo fẹ́ ọmọ. Mo fẹ́ ọmọ ju ìjà lọ. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rántí.

Ọjọ́ Ajé, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì

Kò dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì

Kò dé. Ọyàn ń ro mí. Mi ò ní sọ ọ́ síta.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Oyún ni.

Wọ́n sọ ọ́ fún wa ní kílíníìkì, mo ní kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò. Oyún ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, nọ́ọ̀sì ń pọ́n mi lé bí ọba. Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi níwájú àwọn aláìsàn. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, pẹ̀lú táì! Mo fà á dìde, a dì mọ́ra. Fún odidi ọ̀sán kan mi ò rántí ìjà kankan.

Nígbà tí a délé, ó gbé ẹnu sún mọ́ ikùn mi, ó ní, "Ìyàndá." Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń jí ọmọdé. Gbogbo rẹ̀ padà dé.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Akọ̀wé ti Lálùpọn dé, ó ń kọrin. Ó ti bá Bàbá Sàníù ṣe àdéhùn. Lójú gbogbo agbo ilé ló ti sọ pé ọkùnrin ló wà nínú mi, pé òun fi orí bàbá òun sọ ọ́. Bàbá Sàníù ní ó dáa. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, òun yọwọ́ nínú ilẹ̀ náà láéláé. Bí kò bá jẹ́ ọkùnrin, kí Kọ́lápọ̀ yọ tirẹ̀. Akọ̀wé ní òun gbà. Wọ́n ti mú ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Sẹ̀tẹ́ńbà. Ẹbí á pé, Akọ̀wé á fi Bíbélì búra, Bàbá Sàníù á fi Kùránì.

Ó fi ikùn mi ta tẹ́tẹ́. Méje nínú mẹ́wàá ni dókítà sọ fún un, ó ti sọ ọ́ di mẹ́wàá.

Mo ní, bó bá wá bọ́ sí mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ó ní kí n má fi ẹnu mi pa ọmọ òun lára.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo bì ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Inú mi dùn sí èébì náà.

Ọjọ́rú, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ẹ̀jẹ̀.

Mo rí i nígbà tí mo jí. Akọ̀wé ti lọ síbi iṣẹ́. Mi ò lè pariwo. Mo di ògiri mú dé ọ̀dọ̀ Moyọ̀sọ́rẹ, ilé kejì sí tiwa. Ọkọ rẹ̀ ní epo díẹ̀ tó fi pa mọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú kẹ́ẹ̀gì, gbogbo rẹ̀ ló dà sínú ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà mò ń sọ pé dúró, dúró, jọ̀ọ́ dúró. Mi ò pè é ní orúkọ kankan. "Ọmọ" ni mò ń pè é.

Dókítà Ẹnu-Dùn ń di ẹrù. Páálí kún gbogbo ọ́fíìsì. Ó ń lọ sí Sáúdí ní òpin oṣù, gbogbo àwọn dókítà ló ń sá lọ síbẹ̀. Ó ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé mi lọ sídìí ẹ̀rọ. Mi ò lè wò ó. Ó ní ẹ wò ó, mà. Nǹkan kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀ bíi tanátaná. Ó ní ọkàn rẹ̀ ló ń lù yẹn, ó ń lù dáadáa. Kí n lọ sinmi, kí n má gbé nǹkan tó wúwo rárá, ẹ̀jẹ̀ náà lè dá, ó sì lè padà.

Lẹ́yìn náà ó ní kí nọ́ọ̀sì jáde. Kò dùn lẹ́nu mọ́. Ó ní nǹkan kan wà tí òun kò fẹ́ gbé dé Sáúdí. Ọjọ́ yẹn, Akọ̀wé bẹ òun nínú yàrá àyẹ̀wò pé kí òun ṣà á, pé a ti jọ fẹnu kò. Òun gbà, Akọ̀wé sì jáde lọ dúró níta. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun wo àtọ̀ náà, ó kéré ju bí òun ṣe rò lọ. Bí òun bá ṣà á, kò ní ku nǹkan kan. Ó fọ̀ ọ́ lásán, ó gbé gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó wá jáde, ó sọ fún Akọ̀wé pé òun ti ṣà á.

Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú mi. Ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ó ní òun rántí pé ọmọ ni mo wá gbà. Ó ní kí n jọ̀ọ́ má jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ títí òun á fi lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú rere ló fi ṣe é. Mo sì bínú sí i. Ọkùnrin méjì dúró ti ìgò kan, ọ̀kan ń purọ́ fún mi, èkejì ń purọ́ fún un, èmi tí mo ni ikùn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi wà lókè. Bí irọ́ èkejì ṣe gbè mí, orí mi ló ṣe é. Ìṣísẹ̀ mélòó ni láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi? Kò sẹ́ni tó wá bi mí.

Ọjọ́bọ̀, 25 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo sọ fún Akọ̀wé pé ibà ni. Ó pọnmi, ó se ẹ̀kọ, ó ra ọsàn wá. Ó ní Ìyàndá fẹ́ ọsàn. Mo jẹ ọsàn, mo dákẹ́. Mo mọ ohun tí kò mọ̀. Ká má purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ògo ni fún Olúwa.

Adùn àná àti ìjẹta ti di kíkan. Bó ṣe rí fún òun náà rèé lẹ́yìn ọjọ́ ìgò yẹn, nígbà tó ń wò mí tí mi ò mọ̀. Àti pé ọjọ́ ìbúra ti sún mọ́. Bí mo bá dákẹ́, á gbé Bíbélì, á fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lé orí ohun tí kò mọ̀. Màmá ń gbin ìgbá sí ibẹ̀, ilẹ̀ Màmá náà ni.

Ọjọ́ Ajé, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo tú gbogbo rẹ̀ fún Moyọ̀sọ́rẹ. Ó ní kí n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ní jẹ́ kó búra, ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù, ẹni tó da eérú ńkọ́? Mo ní ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ obìnrin, orí ọmọ náà ni wọ́n máa gbé ìpàdánù ilẹ̀ yẹn lé. Á máa gbọ́ ọ láti kékeré. Ó mọ̀, ìyá ọmọbìnrin mẹ́rin.

Mo ti pinnu. Màá sọ méjèèjì fún un lẹ́ẹ̀kan náà: pé ẹ̀jẹ̀ dé, pé wọn ò ṣà á. Èyí tó bá kọ́kọ́ gbé nínú méjèèjì, màá mọ ẹni tí mo fẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kó tó wọ bàtà. Mo ní, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá kì í ṣe ibà, ẹ̀jẹ̀ ló dé, ó kù díẹ̀ kí oyún náà bọ́, ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù. Mo ní dókítà kò ṣà á, ó fọ̀ ọ́ lásán, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.

Ìbéèrè méjì ni mo ti pèsè ọkàn mi fún. Bó bá ní "ṣé ara rẹ ti yá?", màá dárí gbogbo rẹ̀ jì í. Bó bá ní "ó lè jẹ́ obìnrin nìyẹn?", màá bínú, ṣùgbọ́n a ó jọ máa bá a yí. Ohun tó ń dùn ún ni.

Ó dìde. Ó wo ojú fèrèsé bóyá ẹnìkan wà níta. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

Mi ò tètè gbọ́ ọ yé. Ó tún un sọ. Ó ní bí kò bá sí ẹlòmíràn tó mọ̀, dókítà ti lọ sí Sáúdí nìyẹn, òun á ṣì búra lọ́túnla. Bàbá Sàníù á panu mọ́ títí dìgbà ìbímọ, ọ̀pọ̀ nǹkan lè ṣẹlẹ̀ kí ó tó dìgbà náà. Mo ní, bó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́, Kọ́lápọ̀? Kí lo máa sọ fún wọn?

Ó ti ń so okùn bàtà rẹ̀. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní, "Èmi kọ́ ni wọ́n máa bi, Títí. Ìwọ ni wọ́n máa bi."

Ó ní kí n má gbàgbé oògùn mi. Ó lọ síbi iṣẹ́.

Mo jókòó títí tíì mi fi tutù nínú ife. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Wọn ò ní bi í. Wọ́n á ní kí ni ìyàwó jẹ, kí ni ìyàwó ṣe, ẹ̀gbẹ́ wo ló fi sùn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi gbọ̀n nígbà tó ń ta tẹ́tẹ́.

Moyọ̀sọ́rẹ ti bá mi di aṣọ sínú báàgì, mi ò fọwọ́ kàn án. Ọkọ rẹ̀ ti rí epo díẹ̀ rà, á gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Mọ́níyà, kí n lọ sinmi bí dókítà ṣe wí. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀ ẹ́ kó kọ́kọ́ yà mí sí Lálùpọn, ní agbo ilé wọn, kí Bàbá Sàníù àti Màmá jọ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n máa bi, kí wọ́n bi mí lónìí.